Bẹ́ ẹ ṣe máa gba ìwé ọjọ́ ìbí àti NIN fún ọmọ tí kò ní òbí nítòsí, l'Abẹ́òkúta níbí

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó mú ọmọ yẹn lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe NIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tìjọba, ẹ sinmi díẹ̀ ná. Mo mọ nǹkan tó ń lé yín. Fọ́ọ̀mù JAMB ti fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, àbí báńkì ní àwọn ò lè ṣí àkáǹtì fún un, àbí síìmù tó ń lò ò lọ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kọ́lé kì í ti orí páànù bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ ìbí lẹ máa kọ́kọ́ yanjú, orúkọ á tẹ̀ lé e, NIN á wá gbẹ̀yìn àwọn méjèèjì. Torí ohun tẹ́ ẹ bá kọ sínú NIN lọ́jọ́ yẹn, òun ni JAMB máa fà yọ, òun ni báńkì máa fà yọ, òun náà làwọn tó ń ṣe pásípọ́ọ̀tù máa fà yọ, kò sẹ́ni tó máa tún bi ọmọ náà léèrè. Ẹni tó bá kàn wojú ọmọ tó ní "á tó mẹ́rìndínlógún, ẹ kọ January 1 sí i", ó ti so ọmọ ọlọ́mọ mọ́ January 1 nìyẹn. Láti 2025, àtúnṣe ọjọ́ ìbí nínú NIN ti di ₦28,574, bẹ́ẹ̀ ₦2,000 ni wọ́n ń gbà láti tún àdírẹ́sì ṣe. Ọmọ tó ń ru ẹrù ní Lafẹ́nwá, níbo ló ti fẹ́ rí ₦28,574?

Ẹ̀yin tí mò ń bá sọ̀rọ̀ pọ̀ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gba ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tó kú sílé, ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, ọ̀gá télọ̀, ẹ̀yin aláró ní Ìtókù tí ọmọ iṣẹ́ yín ń sùn nínú ṣọ́ọ̀bù torí kò níbi tó ń lọ, ẹ̀yin ìyá olóúnjẹ ní gáréèjì Kútọ̀ táwọn ọmọ yẹn ń pè ní mọ́mì, tíṣà, pásítọ̀, áfà, àti ẹ̀yin ọmọ fúnra yín náà tẹ́ ẹ bá rí fóònù fi kà á. Kò di dandan kẹ́ ẹ jẹ́ lọ́yà. Sùúrù ló ń gbà, àti fáìlì kan tí ò ní sọnù.

Ọjọ́ orí ọmọ náà ló máa sọ ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún 18, ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ ìbí ẹ̀ lọ́dọ̀ National Population Commission, ìyẹn NPC, ìwé ọjọ́ ìbí gangan ni wọ́n sì máa fún un. Tó bá ti pé 18, ìyẹn ti kọjá, attestation, ìyẹn ìwé tó ń jẹ́rìí sí ọjọ́ ìbí, ni wọ́n máa fún un, owó sì wà tí wọ́n ń san fún ìyẹn. NIN ṣì ṣeé fi attestation ṣe o, kò burú, àmọ́ kí ló dé tẹ́ ẹ máa sanwó nǹkan tẹ́ ẹ lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́ lóṣù tó kọjá? Torí náà tó bá jẹ́ ọmọ bíi mélòó kan lẹ ní nílẹ̀, èyí tó ku díẹ̀ kó pé 18 ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbájú mọ́, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ṣì ní àyè.

Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ṣe bíi pé àánú lẹ wá tọrọ. Òfin No. 69 ti 1992 ló sọ ìforúkọsílẹ̀ ìbí di dandan ní Nàìjíríà, Child's Rights Act ti 2003 ní gbogbo ọmọ ló lẹ́tọ̀ọ́ sí orúkọ, ìpínlẹ̀ Ògùn sì ti sọ ọ́ di òfin tiwa láti 2006. Wọn ò yọ ọmọ tí wọn ò mọ bàbá ẹ̀ sẹ́yìn.

Ó yá. Nǹkan àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ jókòó ti ọmọ náà. Kì í ṣe ìbéèrè ọlọ́pàá o. Àwọn ọmọ yìí, wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò débi pé irọ́ ló máa kọ́kọ́ ti ẹnu wọn jáde, kì í ṣe pé wọ́n burú, ẹ̀rù ló ń bà wọ́n pé wọ́n fẹ́ dá àwọn padà síbi tí àwọn ti sá wá. Ẹ jẹ́ kó jẹun tán. Ẹ sọ fún un pé torí ìwé ẹ̀ ni, kì í ṣe torí kẹ́ ẹ lè lé e. Ẹ wá bi í: orúkọ wo ni ìyá ẹ máa ń pè ẹ́? Ta lo bá nílé tó jẹ́ àgbà? Iléèwé wo lo kọ́kọ́ lọ? Kíláàsì wo lo wà nígbà kòrónà tí wọ́n ti gbogbo iléèwé pa? Ìbéèrè yìí gan-an dáa gan-an ni, torí 2020 nìyẹn, kò sí ọmọ tó gbàgbé ẹ̀. Ọmọ tó bá ní pírámárì tú lòun wà, ó ṣeé ṣe kó wà láàárín ọdún mẹ́fà sí mẹ́jọ nígbà yẹn, ẹ̀yin náà ẹ ṣírò ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá rí àgbàlagbà kan nínú ẹbí ẹ̀, ẹ má bi í ní déètì, kò mọ̀ ọ́n. Ẹ bi í pé ṣé Yar'Adua ti kú nígbà tí wọ́n bí i? May 2010 nìyẹn. Ṣé Gbenga Daniel ló ṣì wà níbẹ̀ àbí Amosun ti gorí àléfà? May 2011 nìyẹn. Ṣé òjò ni àbí ọyẹ́? Ṣé wọ́n ti ṣe iléyá? Orúkọ pàápàá máa ń jẹ́wọ́: Abíọ́dún, ẹ béèrè ọdún wo, ọdún Kérésì àbí ti iléyá, Ìdòwú, àwọn ìbejì tó ṣáájú ẹ̀ dà, bóyá ìwé tiwọn wà níbì kan. Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, kódà èyí tó jọ pé kò wúlò.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ wá ìwé àtijọ́. Ibi tó máa ń ṣèso jù lójú tèmi ni iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, torí wọ́n ní ìwé tí wọ́n fi ń gba ọmọ wọlé, ẹnì kan ti mú ọmọ yẹn lọ síbẹ̀ rí, ó sì ti dárúkọ, ó ti sọ ọjọ́ orí. Ẹ lọ bá ọ̀gá iléèwé náà, ẹ fi pẹ̀lẹ́ bẹ̀ ẹ́, ẹ ní kó kọ lẹ́tà kékeré tó fi máa sọ nǹkan tó wà nínú ìwé wọn. Lẹ́yìn ẹ̀ ni káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, ìwé ìrìbọmi ní sọ́ọ̀ṣì, àti ilé ìwòsàn tí wọ́n bí i sí tẹ́ ẹ bá mọ̀ ọ́n, ì báà jẹ́ State Hospital Ìjàyè, Sacred Heart ní Lántòrò, FMC Ìdí-Àbà, tàbí ilé agbẹ̀bí àdúgbò. Orúkọ ìyá ẹ̀ lẹ fi máa wá a, kì í ṣe orúkọ ọmọ, torí ọjọ́ tí wọ́n bí i wọn ò tíì sọ ọ́ lórúkọ.

Tẹ́ ẹ bá wá rí i pé ọmọ náà ti ní ìwé ọjọ́ ìbí tẹ́lẹ̀, ẹ má ṣe òmíràn. Ẹ̀dà tàtijọ́ lẹ máa wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni NIN. Ọmọ tó ti gbé ìlú mìíràn rí lè ti ṣe é láìmọ̀ pé òun ṣe é, wọ́n kàn ní kó gbé ìka lé nǹkan. NIN kan ṣoṣo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ní títí ayé, nọ́ńbà mọ́kànlá, tẹ́ ẹ bá lọ ṣe òmíràn, ìka ẹ̀ ló máa tú àṣírí, gbogbo ẹ̀ á wá há síbẹ̀.

Ìgbà tẹ́ ẹ bá ti ní ìtàn tó dúró, ẹ gba ọ̀dọ̀ wẹ́fíà lọ. Social Welfare wà ní ìjọba ìbílẹ̀, ti Abẹ́òkúta South ní Àkẹ́, ti North ní Akọ́mọ́jẹ́, àwọn ọ̀gá wọn sì wà ní Ministry of Women Affairs and Social Development l'Òkè-Mọ́sàn. Mo mọ̀ pé ibí yìí lẹ̀rù ti ń ba ọ̀pọ̀ yín. Ẹ ní wọ́n máa gba ọmọ náà, wọ́n máa ní ibo lẹ ti rí i. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa, ọmọ tẹ́ ẹ̀ ń tọ́ láìsí ìwé kankan, tí ìjà bá dé láàárín yín àti aládùúgbò kan, tó wá lọ sọ fún ọlọ́pàá tàbí NAPTIP, àjọ tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, pé ẹ jí ọmọ gbé, kí lẹ fẹ́ fi hàn? Ọmọ tẹ́ ẹ ti fúnra yín fi hàn ìjọba, ọ̀rọ̀ ẹ̀ rọrùn ju èyí tí wọ́n wá bá nílé yín lọ. Ẹ mú ẹni tí wọ́n mọ̀ ládùúgbò dání, baálẹ̀, pásítọ̀, lèmọ́mù, ẹ má dá lọ.

Lẹ́tà lẹ̀ ń wá lọ́dọ̀ wọn. Kó sọ orúkọ ọmọ, bó ṣe dé ọ̀dọ̀ yín, ìgbà tó dé, ọjọ́ orí tẹ́ ẹ fojú bù àti ohun tẹ́ ẹ fi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ṣe ni wọ́n rí ọmọ náà he nígbà tó wà ní kékeré, ìwé ọlọ́pàá gbọ́dọ̀ wà, tẹ́ ò bá sì ní i, wẹ́fíà máa sọ téṣàn ọlọ́pàá tẹ́ ẹ máa lọ. Àwọn ọmọ tó wà nílé àwọn ọmọ aláìlóbìí, tiwọn rọrùn díẹ̀, torí ilé náà ti ní fáìlì wọn, alábòójútó ibẹ̀ ló máa kọ lẹ́tà.

Ẹ wá gbọ́ èyí dáadáa, torí òun ni mo rí táwọn èèyàn dáadáa máa ń ṣe, inú rere ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ẹ má kọ orúkọ yín síbi tí wọ́n ti ní kẹ́ ẹ kọ orúkọ bàbá tàbí ìyá tó bí i. Ẹ̀yin kọ́ lẹ bí i. Ẹ lè jẹ́ dádì ẹ̀ nílé, ẹ lè san owó iléèwé ẹ̀ títí dé yunifásítì, Ọlọ́run á san án fún yín, àmọ́ lórí fọ́ọ̀mù alágbàtọ́ lẹ jẹ́. Ìyá tó bí i lè yọjú lọ́la. Ogún lè ṣẹlẹ̀ nílé bàbá ẹ̀ tí wọ́n máa ní kó mú ìwé wá. Àwọn ọmọ tẹ̀yin fúnra yín bí lè dìde lọ́jọ́ tẹ́ ò sí mọ́ pé ìwé èké ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó di ọmọ yín pátápátá lójú òfin, ọ̀nà wà fún ìyẹn, ìgbàṣọmọ nílé ẹjọ́ ni, wẹ́fíà náà ló ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, kì í ṣe lórí fọ́ọ̀mù NPC. Orúkọ òbí tẹ́ ẹ bá mọ̀, ẹ kọ ọ́. Èyí tẹ́ ò mọ̀, ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n, kẹ́ ẹ sì fi lẹ́tà wẹ́fíà hàn án.

Àfídéfíìtì ló kù. Kóòtù ni wọ́n ti ń ṣe é, kóòtù Májísíréètì tó wà ní Ìsàbọ̀ ń ṣe é, Háì Kóòtù náà ń ṣe é. Alágbàtọ́ tàbí àgbàlagbà tó mọ ọmọ náà ló máa búra pé ohun tí òun mọ̀ nípa ọjọ́ ìbí ẹ̀ nìyí. Ẹ má ra tàwọn ọmọ tó ń dúró lẹ́nu géètì. Ẹ wọlé, ẹ sanwó síbi tí wọ́n ń sanwó sí, ẹ gba rìsíìtì, ẹ dúró kẹ́ ẹ fi ojú yín rí i kí wọ́n lu òǹtẹ̀ lé e. Ẹ ka ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò, torí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ń kánjú, òun ò ní jìyà ẹ̀.

NPC ló tẹ̀ lé e, wọ́n wà ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ mú lẹ́tà wẹ́fíà, àfídéfíìtì, lẹ́tà iléèwé, ìwé ìdánimọ̀ tiyín àti ọmọ náà fúnra ẹ̀. Láti 2023 ni wọ́n ti ń gbé ìforúkọsílẹ̀ yìí lọ sórí kọ̀ǹpútà, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wá lọ, ẹ máa jókòó. Ẹ tètè lọ láàárọ̀.

Kẹ́ ẹ tó débẹ̀ o, ẹ ti gbọ́dọ̀ fẹnu kò lórí orúkọ. Àwọn ọmọ gáréèjì, orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ ni Yellow, Small, Ìjẹ̀bú, ìyẹn ò ṣeé kọ. Ọmọ náà ni kó yan èyí tó mọ̀ pé wọ́n sọ òun, kì í ṣe èyí tó wù yín. Tẹ́ ẹ bá ti yàn án, ẹ pinnu bí wọ́n ṣe máa kọ ọ́ lálífábẹ́ẹ̀tì, torí kọ̀ǹpútà wọn ò mọ àmì ìsàlẹ̀: Ṣẹ́gun lè di Segun níbì kan kó di Shegun níbòmíì, Oluwaṣeun di Seun lórí ìwé iléèwé, báńkì á wá ní èèyàn méjì ni. Ẹ kọ ọ́ sórí pépà kan, létà kọ̀ọ̀kan bó ṣe tẹ̀ léra, èwo ló ṣáájú, èwo ni orúkọ bàbá, pépà yẹn lẹ máa gbé fún gbogbo òṣìṣẹ́ tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, kò sẹ́ni tẹ́ ẹ máa fẹnu sọ ọ́ fún.

NIN wá kàn. Ọ̀fẹ́ ni o, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ san owó ìforúkọsílẹ̀ ń jẹ yín. Ọmọ tí ò tíì pé 16, ẹ máa tẹ̀ lé e lọ, NIN tiyín tẹ́ ẹ jẹ́ alágbàtọ́ ni wọ́n máa so tiẹ̀ mọ́. Tó bá ti pé 16, ó lè dá lọ pẹ̀lú ìwé ọjọ́ ìbí ẹ̀. Ẹni tó ti dàgbà tí ò ní nǹkan kan lọ́wọ́, ẹ má rò pé ó ti tán fún un, NIMC, àjọ tó ń ṣe NIN, tún máa ń gba káàdì iléèwé, ìwé ọmọ ìbílẹ̀, lẹ́tà ọba tàbí baálẹ̀, àti lẹ́tà olórí ẹ̀sìn. Bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́tà pásítọ̀ yín tàbí lèmọ́mù lè ṣiṣẹ́, tó bá wà lórí ìwé tó ní àdírẹ́sì àti òǹtẹ̀.

Ọmọ tí ò nílé, àdírẹ́sì wo ló máa kọ? Ti ṣọ́ọ̀bù, ti sọ́ọ̀ṣì, ti ẹni tó gbà láti jẹ́ kó lo tiẹ̀, ẹ kàn béèrè lọ́wọ́ onítọ̀hún kó má lọ sẹ́ ẹ tí wọ́n bá pè é. Nọ́ńbà fóònù ṣe pàtàkì jùyẹn lọ. Tí ìwé NIN bá sọnù, yóò sì sọnù, *346# ló máa tẹ̀ láti rí nọ́ńbà náà, wọ́n máa gé owó díẹ̀, àmọ́ orí fóònù tó fi forúkọ sílẹ̀ nìkan ló ti máa ṣiṣẹ́. Tó bá jẹ́ nọ́ńbà agbèrò kan ló yá lò lọ́jọ́ yẹn, ó tán. Ẹ lo nọ́ńbà ẹni tí ò ní ju síìmù nù.

Àwọn tó ń po sìmẹ́ńtì, tó ń to búlọ́ọ̀kù, tó ń fi ọṣẹ tó le fọ aṣọ, ẹ̀rọ máa ń kọ ìka wọn torí ó ti yi, ó ti họ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi iṣẹ́ fún ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú, kí wọ́n máa fi òróró tàbí bàsílíìnì pa ọwọ́ lálẹ́, kí wọ́n sì nù ún dáadáa kí wọ́n tó gbé e lé e.

Kí òṣìṣẹ́ tó fi ránṣẹ́, ẹ ní kó yí ojú kọ̀ǹpútà sọ́dọ̀ yín. Ẹ má tijú. Ẹ gbé pépà orúkọ yẹn síwájú, ẹ máa fi ìka tọ́ ọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ọjọ́, oṣù, ọdún, ọkùnrin ni àbí obìnrin. Ìṣẹ́jú díẹ̀ yìí ló ń gba èèyàn lọ́wọ́ ₦28,574 ọ̀hún.

Tí NIN bá ti jáde, ìyókù ò le. Ti JAMB, ẹ kọ NIN, ẹ fi àyè sílẹ̀, ẹ kọ nọ́ńbà mọ́kànlá náà, ẹ fi ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019, wọ́n á fi kóòdù ránṣẹ́. Síìmù, kó lọ fi orúkọ ara ẹ̀ ṣe é tó bá ti pé 18. Ìwé ọmọ ìbílẹ̀ ló máa ń fa wàhálà, torí ìjọba ìbílẹ̀ máa ní ọmọ ta ni, agboolé wo, baálẹ̀ dà. Ọmọ tó bá mọ agboolé bàbá ẹ̀, ì báà jẹ́ Òwu, Gbágùúrá, Òkè-Ọnà tàbí Ìbarà, kó lọ bá wọn níbẹ̀ kí wọ́n jẹ́rìí sí i, èyí tí ò bá mọ̀, kó mú lẹ́tà wẹ́fíà lọ bá wọn, kó má sì pa ìtàn ìlú kan tí ò mọ̀, torí ìlú yẹn náà ló máa wà lórí gbogbo fọ́ọ̀mù tó máa kọ lẹ́yìn ẹ̀.

Káàdì ìdìbò náà, ọ̀fẹ́ ni, ó kàn ní láti pé 18 ni. Kí wọ́n lọ gbà á ní kété tó bá jáde. Lóṣù November 2022 tí wọ́n dáná sun ọ́fíìsì INEC ti Abẹ́òkúta South, káàdì 65,699 tí àwọn tó ni ín ò tíì wá gbà ló jóná síbẹ̀.

Ó ku ibi tí ìwé máa wà. Ẹni tó ń sùn ní gáréèjì ò gbọ́dọ̀ máa gbé ojúlówó kiri, òjò á lù ú, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ á jí báàgì. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ẹ̀ níwájú lẹ́yìn, ẹ ṣí email fún un, ẹ fi ránṣẹ́ sínú ẹ̀, ẹ tún ṣe fótókọ́pì bíi mélòó kan kó máa mú ìyẹn dání. Ojúlówó lè wà lọ́dọ̀ yín tàbí nínú fáìlì wẹ́fíà, àmọ́ ti ọmọ náà ni, ẹni tó bá há ìwé ọmọ mọ́wọ́ pé kò ní lọ mọ́ torí ó ń ṣiṣẹ́ fún òun, ọ̀rọ̀ yẹn ti di ti NAPTIP. Ọjọ́ tó bá pé 18 tó ní òun fẹ́ gbà á, ẹ kà á fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, kó fọwọ́ sí i pé òun gbà á. Password email yẹn, òun nìkan ni kó mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin náà ẹ má bi í.